Ọlọ́pàá tí Mo Rò Pé Ó Ti Dárí Jì Mí

Mo ní láísẹ́ǹsì báyìí o. Ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìyẹn ná, nítorí àwọn ọmọ mi kì í gbà gbọ́ pé ìgbà kan wà ní ìlú Houston yìí tó jẹ́ pé ìyá wọn ló ń fi mọ́tò gbé mi kiri bí àpò ìrẹsì. Èmi ọkùnrin, èmi ẹnjiníà, èmi tí mo ti ń wa mọ́tò bàbá mi ní Ìbàdàn kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi. Mo lẹ́nu nígbà náà ju bí mo ṣe lẹ́nu lónìí lọ, ẹ sì lè bi àwọn ará ilé mi bóyá ẹnu náà ti dín kù.

Louisiana ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti kàwé. Mo ti lọ sílé lọ gbéyàwó, mo ti padà sí ilé ìwé, ìyàwó mi sì ń dúró de físà ní Nàìjíríà. Ìgbà tí físà máa jáde, ó jáde wẹ́rẹ́, bàálù rẹ̀ sì máa balẹ̀ sí Houston lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ wo ọkùnrin tí kò fojú kan ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kí ẹ wá ní kó rọra wakọ̀. Mo tẹ iná mọ́ mọ́tò àlòkù mi, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, èmi náà ń kọrin, àfi bí mo ṣe rí iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn mi.

Mo dúró. Ọlọ́pàá kan jáde, òyìnbó gíga kan báyìí tó dé fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀. Lónìí, mo mọ̀ pé tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà bá dá èèyàn dúró, ńṣe ni kó jókòó jẹ́ẹ́, kó gbé ọwọ́ méjèèjì síbi tí ojú ti lè rí i. Lọ́jọ́ náà, èmi ṣílẹ̀kùn, mo jáde, kí ọkùnrin náà sì tó lanu, mo ti nà gbalaja sílẹ̀ ní etí títì, tí àyà mi ń fi òkúta wẹ́wẹ́ gbo ara rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó forí jì mí, ìyàwó mi ló ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi Òyìnbó sọ, àfi ìdọ̀bálẹ̀ tí kò ní Òyìnbó.

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí ìbọn. Bóyá ó rò pé wárápá ló gbé mi ni o, bóyá ó rò pé mo fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, n kò mọ̀. Ó jágbe pé kí n dìde. Ìgbà tí mo wá ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi fara ti mọ́tò mi. Ó kọ nǹkan sínú ìwé kan, ó já a fún mi, ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi, ó ní kí n máa rọra. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. O ṣẹ àgbà. O dọ̀bálẹ̀. Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní kó o kí ìyàwó rẹ. Kí ló tún kù? Mo ka ìwé náà o, n kì í ṣe púrúǹtù. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé kí n wá sí kóòtù lọ́jọ́ báyìí, tàbí kí n fi owó ìtanràn ránṣẹ́. Mo ní ìyẹn, iṣẹ́ ọba lásán ni, ó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kí ọ̀gá rẹ̀ má baà bínú sí i. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, èmi àti ọkùnrin yẹn sì ti ṣọ̀rẹ́ tán. Mo fi ìwé náà nu eruku ojú dígí mọ́tò, mo sì tún tẹ iná.

Èyí tó wá burú jù ni pé mo fi jẹ́rìí. Nígbà tí mo parí ìwé mi, mo rí iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, a gba apartment ní àdúgbò Fondren Southwest ní Houston, a sì rí ìjọ Aládùúrà kan tó ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n háyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ọjọ́ ìsinmi kejì tí a débẹ̀ ni mo dìde. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọlọ́run tó di kìnnìún lẹ́nu fún Dáníẹ́lì ló di ọlọ́pàá Louisiana lẹ́nu fún mi!" Ìjọ gbé e. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá kan fi gèlè rẹ̀ nù mí lójú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wá ọlọ́pàá mìíràn tó máa dá mi dúró.

Láísẹ́ǹsì Louisiana ni mo ṣì ń lò. Òfin sì ni pé ẹni tó bá ti ń gbé ìpínlẹ̀ Texas tí Houston wà gbọ́dọ̀ lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí ti Texas, ṣùgbọ́n mo ń fi òní dọ́la. Oyún ìyàwó mi ló lé mi jáde. A jọ rò ó pé ó yẹ kí òun náà lè wakọ̀ kí ọmọ tó dé, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Inú ọgbà tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níwájú mall ni a ti ń kọ́ ọ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí mo ṣe ń pariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!", àwọn tó ń lọ rajà á dúró, wọ́n á máa wò wá bóyá kí àwọn pe ọlọ́pàá. Ìyàwó mi kì í dáhùn. Á ṣe ohun tí mo sọ, á tún un ṣe dáadáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ, á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọjọ́ kan náà ni a jọ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Òun lọ ṣe ìdánwò, èmi kàn fẹ́ pààrọ̀ tèmi ni. Mo sọ fún un pé tí mo bá ti gba tèmi tán, ẹ̀yìn dígí ni màá jókòó sí, màá máa wo bó ṣe ń wakọ̀, kó má bẹ̀rù, kó rántí gbogbo ohun tí ọ̀gá kọ́ ọ. Ọ̀gá yẹn, èmi ni o.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà gba ìwé mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Sà, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ ìwakọ̀ lọ́wọ́ yín ní Louisiana. Wọ́n pè yín ní kóòtù, ẹ kò yọjú."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi àti ọlọ́pàá yẹn ti yanjú ẹ̀."

Ó ní, "Kóòtù kò mọ̀ sí i. Títí Louisiana á fi sọ pé ó ti parí, Texas kò lè fún yín ní láísẹ́ǹsì."

Inú bí mi. Mo ní Louisiana lọ́tọ̀, Texas lọ́tọ̀. Mo ní, ẹni tó bá jà ní Ìbàdàn, ṣé wọ́n á ní kó má wọ Èkó ni? Obìnrin náà kò gbọ́ Ìbàdàn rí láyé rẹ̀. Ó ní àwọn kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba láísẹ́ǹsì Louisiana náà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì pe ẹni tó kàn. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà níwájú rẹ̀ bí ọwọ́ alágbe.

Àkókò yẹn gan-an ni ìyàwó mi wọlé láti ibi ìdánwò, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti yege. Wọ́n ní kó lọ jókòó kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ya ìyàwó mi ní fọ́tò. Nígbà tó bọ̀ wá bá mi, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jalè. Kò bú mi. Ó kàn na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di èrò inú mọ́tò ara mi. Láti Fondren Southwest dé Pasadena, ọ̀nà jíjìn ni, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé mi dé ẹnu géètì níbi iṣẹ́ lásìkò. Ìyàwó mi ló ń gbé mi lọ láàárọ̀, òun ló ń wá gbé mi nírọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ sì ń ga sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìtọ́kọ̀. Ẹ mọ bí Pasadena ṣe ń rùn nígbà náà. Bí a bá ti ń sún mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ yẹn, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Èmi kì í gbọ́ òórùn náà mọ́. Ìyàwó aboyún ló ń gbọ́ ọ. Ní ibì kan náà lójoojúmọ́ ló máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á ṣílẹ̀kùn, á bì, á fi omi fọ ẹnu, á sì tún máa wakọ̀ lọ.

Èmi ńkọ́? Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń kọ́ ọ. "Yà sí òsì. Má sún mọ́ tírélà yẹn. Ṣé o rí tírélà yẹn?" Mo ń fi ẹsẹ̀ mi tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lórí ọ̀nà márosẹ̀ freeway, ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa iná mọ́tò, ó ká ọwọ́ lérí ikùn, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ wá wà á." Mọ́tò ńláńlá ń sáré kọjá, mọ́tò wa ń mì. Ó ní, "Ẹ ò wá mọ́?" Mo ní kó má bínú, kó máa wà á lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú fèrèsé, tí mò ń ka àmì ojú ọ̀nà sínú bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Ọjọ́ náà náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mo ṣì ń rántí. Ó ní, "Gbogbo èyí tí mò ń ṣe yìí, mo lè ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì yìí kí ọmọ tó dé. N kò ní ìyá níhìn-ín, n kò ní ẹ̀gbọ́n. N kò fẹ́ fúnra mi wakọ̀ lọ bímọ." Mo ní, "Ìwọ? Lójú ta ni?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan.

Ẹ ó máa rò pé kóòtù ni màá kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Rárá o. Mo kọ́kọ́ lọ ń parọ́ ní ìjọ. Àwọn èèyàn ti ń rí i pé ìyàwó ló ń wakọ̀ wá, tí ọkọ ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀ kalẹ̀ nínú sùtánà funfun. Mo ní mò ń kọ́ ọ ni, kó lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Báwo ni màá ṣe sọ fún wọn pé kìnnìún tí wọ́n bá mi jó lé lórí ti la ẹnu padà?

Bàbá ìjọ wa ló já irọ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Iléṣà ni wọ́n ti wá, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé, nínú ọgbà apartment kan náà pẹ̀lú wa. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀kọ́ wo lò ń kọ́ aboyún tí kò parí láti ọjọ́ yìí?" Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú àṣírí ọmọ iléèwé, ẹ ò lè parọ́ fún un. Mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "O bẹ ẹni tí kò láṣẹ. Adájọ́ ló yẹ kó o bẹ̀, ìwọ nìkan kọ́ ló sì yẹ kó lọ. Ọmọdé kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi á bá ọ lọ."

Ẹ rí i pé àgbà náà kò gbọ́n jù mí lọ lórí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ìyẹn fún? Mo pe kóòtù náà lórí fóònù, wọ́n fún mi lọ́jọ́, mo gba àyè níbi iṣẹ́, èmi àti Bàbá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Louisiana. Aṣọ funfun ìjọ ni Bàbá wọ̀, tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já aláwọ̀ ojú ọ̀run nídìí. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé fadá Àgùdà ni wọ́n. Ní ibùdókọ̀, ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n súre fún òun. Bàbá kò kọ̀. Wọ́n súre fún un, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún ajá rẹ̀, títí dírẹ́bà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wá sílẹ̀.

Obìnrin ni adájọ́, ó ti dàgbà, ó fi awò sí imú. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣíwájú mi kò gba àkókò rárá: wọ́n á ní àwọn jẹ̀bi, ó tán. Ó kàn mí. Ó béèrè ìdí tí n kò fi wá lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí.

Mo ní, "Mo rò pé wọ́n ti dárí jì mí ni, mà."

"Ta ló dárí jì ọ́?"

"Ọlọ́pàá náà ni."

"Ó sọ fún ọ pé òun dárí jì ọ́?"

"Rárá, mà. Ó rẹ́rìn-ín."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbà pé wọ́n ti dárí jì mí. Ibẹ̀ ni Bàbá ti dìde. Adájọ́ béèrè bóyá lọ́yà mi ni wọ́n. Wọ́n ní rárá o, bàbá mi ni àwọn. Ó wo ojú wọn, ó wo ojú mi, ó ní bàbá tó bí i? Bàbá ní kò sí ẹni tí àgbà kì í ṣe bàbá fún. Wọ́n wá fi Òyìnbó ọ̀gá ilé ìwé sọ fún un pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra.

Adájọ́ yọ awò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dára. Ọwọ́ ọ̀tún ni màá fi gba owó ìtanràn. Tòsì ni màá fi júwe wíńdò tó ti máa san án fún un." Ó sì júwe rẹ̀. Ó ní tí mo bá ti san án, àwọn á fi tó ìpínlẹ̀ létí, ìpínlẹ̀ náà á sì fi tó Texas létí, kí n ní sùúrù. Ó tán. Mo san owó náà, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ìgbà tí a fi ń kí ara wa nílé wa. Inú Bàbá kò dùn rárá. Wọ́n ṣì ní òwe púpọ̀ nílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé obìnrin náà ní kí n ní sùúrù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dìde nínú ìjọ, mo tún jẹ́rìí! Mo jẹ́wọ́ ìtìjú àkọ́kọ́ lójú gbogbo wọn, kí ìyìn ìkejì lè ga dáadáa, mo wá ní Olúwa ti dá láísẹ́ǹsì mi padà. N kò ní "yóò dá a padà." Mo ní ó ti dá a padà. Mo tiẹ̀ lu àpò mi bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ìyàwó mi jókòó láàárín àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Obìnrin ọjọ́sí náà ló wà níbẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní ọ̀rọ̀ kò tíì dé láti Louisiana, ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ti fẹ́ bímọ. Mo rọ́ gbogbo ìtàn náà fún un, mo fi ìdọ̀bálẹ̀ kún un, nítorí mo jẹ́ ẹni tí kì í kọ́gbọ́n. Káńtà bò mí mọ́lẹ̀, kò rí mi mọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń sọ pé, "Sà? Sà, níbo lẹ lọ?" Kọ̀ǹpútà kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi ló fi mọ́tò gbé mi lọ, òun náà ló gbé mi bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé ẹ̀wà kaná, mo ń ka ìwé ìròyìn. Mo gbọ́ tó dá ṣíbí sílẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó ní, "Ọkọ mi, ó ti dé."

Mo fò dìde, mo sá wọ yàrá, mo sá jáde, mo gbé àpò tí kì í ṣe èyí tó ti dì sílẹ̀. Orí mi kò tiẹ̀ rántí pé nọ́ḿbà kan wà tí wọ́n ń pè fún ọkọ̀ pàjáwìrì. Ìyàwó mi ló fọkàn balẹ̀. Ó ní, "Ẹ pe ilé Bàbá. Kí ọmọ wọn wá gbé wa."

Mo mú fóònù, mo sì gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Wọ́n rò pé mo ti ní láísẹ́ǹsì."

Ó wò mí. Ọmọ tún mú un, ó tẹ̀ síwájú, ó mí títí ó fi kọjá, ó sì tún gbójú sókè, ó tún wò mí. Mo ní kó má wulẹ̀ yọnu, èmi á wà á, kí ni ọlọ́pàá máa fi mí ṣe? Ó ní, "Tí wọ́n bá dá wa dúró, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n á yọ ìbọn, èmi á sì bímọ sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Mo fún un.

Ó wakọ̀ lọ. Bí ọmọ bá ti mú un, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á di ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni ń fa igi tu, èmi á máa gbàdúrà, mo ń pe gbogbo áńgẹ́lì tí mo mọ̀ lórúkọ. Á kọjá, á tún gbéra, á tan iná tó fi ń hàn pé òun fẹ́ wọlé sójú ọ̀nà, á wo ẹ̀yìn dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan sáré gbé àga oníkẹ̀kẹ́ wá. Ó wo àwa méjèèjì nínú mọ́tò, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, ó sì dì mí lápá mú, ó ń fà mí sórí àga náà. "Ẹ rọra, sà. Níbo ló ń dùn yín?" Ìyàwó mi jáde láti ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Ojú nọ́ọ̀sì náà kò ṣeé fẹnu sọ.

Wọ́n tì í wọlé. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, sẹ̀kúríìtì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá dá mi dúró. Ó ní kí n gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀. Mo ní n kò lè wà á. Ó ní kí ló dé? Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n ju kọ́kọ́rọ́ náà lù ú láyà kí n sì sáré wọlé. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Louisiana. Mo sọ ti ọlọ́pàá, mo sọ ti adájọ́, mo sọ ti Bàbá, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọ́ mọ́tò. Ó ń tẹ́tí sí mi, kò tiẹ̀ kánjú, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Nígbà tó yá, ó fúnra rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, ó bá mi gbé mọ́tò náà lọ síbi tó yẹ, ó sì dá a padà fún mi tayọ̀tayọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún dúró dúpẹ́!

Ìgbà tí mo dé òkè, ọmọ ti dé. Ọmọbìnrin ni. Wọ́n ti fi aṣọ wé e, ó wà láyà ìyá rẹ̀, irun orí rẹ̀ ṣì tutù. Mo ní, "Olúwa ṣeun o!" Ẹnu mi sì ti ń là láti sọ bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ìyàwó mi ní, "Níbo lẹ wà?"

Mo ní, "Mò ń bẹ sẹ̀kúríìtì."

Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ó ti ké e tán. Ó ní, "Ẹ bẹ ọlọ́pàá. Ẹ bẹ adájọ́. Ẹ bẹ obìnrin ọ́fíìsì. Ẹ wá ń bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí mò ń pariwo orúkọ yín níhìn-ín. Èmi tí mo ń bì lójú ọ̀nà Pasadena lójoojúmọ́. Èmi tí mo fúnra mi wakọ̀ wá bímọ kí ojú má baà tì yín ní ìjọ. Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ bẹ èmi?"

Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n mi rí láyé mi, ó wọ́n mi. Ọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nílé wa. Àwọn bàbá mi á yí nínú sàréè. Mo dọ̀bálẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọgun pé mo ti dákú, ó sáré wá, ìyàwó mi sì sọ fún un pé kó fi mí sílẹ̀. Àyà mi wà lórí ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, ọmọ ń sunkún lókè orí mi, mo ń sọ pé, "Jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́." Mo ń retí kó ní kí n dìde, kò sì tètè sọ ọ́.